Ìkòkò Inú Ikùn Ère

Ọmọńdinrín rẹ̀ ló kọ́kọ́ kú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Ọ̀bẹ ò gé e, ejò ò bù ú ṣán. Àlàbá kàn jí láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú yàrá tó háyà ní Kpakungu, ní Minna, ó nawọ́ mú ife omi, ìka mẹ́rin ká mọ́ ife, èyí tó kéré jù yẹn kọ̀. Ó dúró gbọnrangandan bí ìṣó. Ó fi ọwọ́ òsì tẹ̀ ẹ́, kò tẹ̀. Ó fi eyín gé e, kò dùn ún.

"Oyèbọ́lá, wá wo nǹkan o."

Ìyàwó rẹ̀ wò ó, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ ti sùn lé e ni jàre. Ẹ lọ fi omi gbígbóná..." Ọ̀rọ̀ yẹn ò tí ì parí lẹ́nu rẹ̀ tó fọwọ́ kan ìka náà, ló bá já ọwọ́ rẹ̀ gbà bí ẹni tó fọwọ́ kan iná. Kì í ṣe pé ó gbóná o. Ó tutù. Ó tutù bí òkúta ìsàlẹ̀ odò, ó sì le bẹ́ẹ̀.

Kò pẹ́, kò jìnnà, ìka tó tẹ̀lé e náà kú.

Ọwọ́ ọ̀tún mà ni, ọwọ́ iṣẹ́! Ère ni Àlàbá ń ṣe, àmọ́ kì í gbẹ́ igi. Nǹkan tí ayé ti jù nù ló fi ń ṣe é: ọkọ́ tó ti jẹ tán, ìṣó ńláńlá tí wọ́n tú kúrò lójú irin réluwé, ẹ̀gbà gíláàsì Bida tó ti kán, ọlọ, ilẹ̀kùn páànù. Á jó irin wọn pọ̀, á fi sìmẹ́ńtì dè wọ́n, kó o tó mọ̀, èèyàn ti dúró níwájú rẹ, ó ń wò ọ́. Òfin kan ló ní. Ohun tó bá rí nílẹ̀, kì í fọ́ ọ, kì í ṣí i, kì í tún un ṣe. Bó ṣe bá a ló ṣe ń lò ó. "Ohun tí wọ́n jù nù ti jìyà tó," bó ṣe máa ń wí nìyẹn.

Ìgbà yẹn, Ìpínlẹ̀ Niger ṣẹ̀ṣẹ̀ dá dúró, wọ́n ní Minna ni olú-ìlú. Káì! Katapílà ń wó ilé àtijọ́ lọ́tùn-ún lósì kí wọ́n lè la títì. Ìjọba ní àwọn fẹ́ ère ńlá kan síwájú gbọ̀ngàn tuntun, ère tí Tápà máa wò, tí Gbagyi máa wò, tí Haúsá àti Yorùbá máa wò, tí kálukú á sì rí ara rẹ̀ níbẹ̀. Jẹ̀lílì ló rò pé tòun ni iṣẹ́ yẹn. Ọmọ Ìlọrin ni, agbẹ́gi ọmọ agbẹ́gi, ilẹ̀kùn tí àwọn ọlọ́lá ń fi sẹ́nu ọ̀nà ní àdúgbò Nassarawa, ọwọ́ rẹ̀ ló ti ń jáde. Àmọ́ Àlàbá ni wọ́n mú. Jẹ̀lílì wá bá a níwájú gbogbo èèyàn, ó gba ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó fún un pinpin.

"Sarkin Bólà," ó ní. Ọba Àkìtàn nìyẹn, báyìí ló ṣe máa ń pè é. "Ọwọ́ yìí ló já oúnjẹ gbà lẹ́nu mi. Ó dáa. Ká jọ máa wo ọwọ́ yìí."

Ẹ̀yin náà ẹ sọ. Tí ìka yín bá kú lẹ́yìn irú ọ̀rọ̀ yẹn, ta lẹ máa fura sí?

*

Ọ̀sán ọjọ́ tí ìka kejì kú, Jẹ̀lílì wà ní yàrá Bàbá Ṣéhù lẹ́yìn ojú irin. Bàbá yẹn ti ṣe gádì réluwé rí. Egbò àti èèpo igi ló ń tà níta, ohun tó ń tà lẹ́yìn aṣọ ìkélé, ẹni tó bá wọlé ló mọ̀ ọ́n.

"Bàbá, iṣẹ́ yẹn ti jẹ́ o!" Inú Jẹ̀lílì ń dùn. "Mo rí i ní ìdí másà láàárọ̀ yìí. Ọwọ́ òsì ló fi ń jẹun!"

Bàbá Ṣéhù ò rẹ́rìn-ín. Ó fa igbá kékeré kan jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ṣí i. Oògùn tí wọ́n jọ fi orúkọ Àlàbá dì wà níbẹ̀ gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe fi í sí, òwú dúdú ara rẹ̀ ò tú.

"Ṣó o rí i? Kò tí ì kúrò níbí. Mo rán an, ó lọ, ó padà. Mo tún un rán, ó tún padà."

"Ìka ẹ̀ ń kú ńkọ́?"

"Ìyẹn ni mò ń sọ. Oògùn tiwa dé ibẹ̀, ó bá nǹkan mìíràn lẹ́nu iṣẹ́." Bàbá bo igbá náà kíá, bíi pé nǹkan lè gbọ́ wọn. "Ẹnìkan ti ṣáájú wa, Jẹ̀lílì. Ọwọ́ rẹ̀ sì le ju tèmi lọ. Wàláì, ẹ̀rù bà mí."

Ẹ̀rín kú lẹ́nu Jẹ̀lílì.

*

Ọyẹ́ dé. Ẹ mọ ọyẹ́ Minna, ètè á là, ojú ọ̀run á funfun bí eérú. Ère ti dúró níwájú gbọ̀ngàn, wọ́n fi tapólì bò ó, gádì kan ń ṣọ́ ọ. Ojú rẹ̀ nìkan ló kù. Ojú yẹn sì ni iṣẹ́ ọwọ́ ọ̀tún, torí ẹ̀fọ́rí ni fífi àfọ́kù gíláàsì wẹ́wẹ́ ṣe ìpéǹpéjú. Ìka mẹ́ta ti kú.

Ohun kan wá ń ṣẹlẹ̀ tí kò yé Àlàbá. Sìmẹ́ńtì tuntun, wọ́n máa ń bomi rin ín kó má bàa là. Ọ̀sán ọjọ́ kan, ó ní kí gádì bá òun da omi sí ikùn ère dáadáa. Bí omi ṣe ń ṣàn sílẹ̀, ìka àárín rẹ̀ rọ̀. Ó mì! Àlàbá pariwo, ó sáré lọ sílé, ó ní òróró tí pásítọ̀ ta sí òun lórí ti ṣiṣẹ́. Oyèbọ́lá ń jó, ó ń kọrin. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ọyẹ́ ti fa omi ara ère gbẹ. Ìka náà tún padà di òkúta, ìka méjì tó kù náà sì kú tẹ̀ lé e.

Orin kú lẹ́nu Oyèbọ́lá. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Jẹ̀lílì ni," ó ní. "Ẹ máa sọ pé ẹ ò gbà á gbọ́. Àdúrà nìkan ò ní ṣe eléyìí. Ẹ dìde, ká lọ."

"Ọmọ díákónì ni mí, Oyèbọ́lá."

"Ọmọ díákónì tí kò lọ́wọ́. Ẹ dìde."

Ẹ wo ayé o. Ta lẹ rò pé wọ́n juwe fún wọn? Bàbá Ṣéhù kan náà ni! Wọ́n gba ẹ̀yìn ojú irin wọlé, Oyèbọ́lá fi gèlè bo ojú kí ará ṣọ́ọ̀ṣì má bàa rí i. Bàbá wo ọwọ́ yẹn fún ìgbà pípẹ́. Kò fọwọ́ kàn án.

"Ẹnìkan ń fi ọwọ́ mú ohun rẹ dání," ó ní. "Ohun ara rẹ. Ó mú un, ó dè é mọ́lẹ̀ síbi tí kò rọ̀. Tó bá gun apá dé abíyá, ó ń lọ sí àyà nìyẹn. Tó bá dé àyà, ẹ má tún padà wá bá mi."

"Àwa mọ ẹni náà," Oyèbọ́lá ní. "Ẹ dá a padà fún un, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́."

Bàbá Ṣéhù sín gbẹ́rẹ́ sí ọrùn ọwọ́ Àlàbá, ó fi ẹ̀tù dúdú kan ra á, ó ní kó tún un sọ lẹ́yìn òun: ọwọ́ tó bá mú ohun mi dání, kó kú bí ọwọ́ mi ṣe kú, kó máa gùn ún lọ.

Àlàbá sọ ọ́.

"Ẹ gbọ́ o," Bàbá ní. "Oògùn yìí ò lójú. Kò mọ orúkọ, kò mọ ọ̀rẹ́ yàtọ̀ sí ọ̀tá. Ọwọ́ tó bá mú ohun rẹ dání ló ń wá lọ. Ṣó yé yín?"

"Kó máa lọ bá a!" Oyèbọ́lá ní. "Kó bá Jẹ̀lílì lórí ìjókòó!"

Wọn ò tí ì kọjá ojú irin tán tí Àlàbá fi figbe ta. Nǹkan ń gun apá rẹ̀ bọ̀ bí ìgbà tí omi tútù bá ń kún ìkòkò. Ìgbà tí wọ́n dé Kpakungu, gbogbo apá yẹn, láti ìka dé ìgúnpá, ti gan.

*

Jẹ̀lílì rí i lọ́jọ́ kejì. Apá Àlàbá wà nínú aṣọ tí wọ́n so kọ́ ọrùn, ojú rẹ̀ ti wọnú. Jẹ̀lílì wo ọwọ́ tirẹ̀. Ó ká a, ó nà á. Kò ṣe nǹkan kan. Ó yẹ kí inú rẹ̀ dùn, àmọ́ kò dùn. Ó padà sọ́dọ̀ Bàbá Ṣéhù.

"Wọ́n ti wá síbí, àbí?"

"Wọ́n wá. Mo fún wọn lóògùn ìdápadà."

"Ẹ fún wọn? Háábà! Èmi ni mo kọ́kọ́ wá!"

"Oògùn ni mò ń tà, n kì í ṣe adájọ́. Tó bá jẹ́ ìwọ lò ń mú ohun rẹ̀ dání, ọwọ́ rẹ ì bá ti gan báyìí. Ọ̀dọ̀ rẹ kọ́ ló wà." Bàbá rọra kó ẹrù rẹ̀ sínú àpò. "Èmi ń lọ kí ẹ̀gbọ́n mi ní Zungeru. Mi ò fẹ́ wà nílùú yìí tí ọ̀rọ̀ yẹn bá dé àyà."

Jẹ̀lílì jáde síta, ó dúró nínú eruku. Oògùn kọ̀, bàbá olóògùn ń sá lọ, ère sì ṣì dúró níbẹ̀ pẹ̀lú tapólì lórí, ó ń dúró de Gómìnà. Ó dáa. Òòlù kì í padà bí oògùn. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tí gádì bá lọ sí mọ́sáláṣí, kò ní sí ojú kan níwájú gbọ̀ngàn yẹn.

*

Jímọ̀ yẹn náà ni ìyá Àlàbá dé. Màmá Margaret, ohùn òkè nínú ẹgbẹ́ akọrin Bàptíìsì, ó ti lọ kí àwọn ẹbí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Kò sẹ́ni tó ránṣẹ́ sí i nípa ọwọ́. Ó wọlé pẹ̀lú àpò gààrí lórí, ó ń kí ilé bọ̀, ó rí ọmọ rẹ̀ lórí ẹní, àpò gààrí bọ́.

Ó kúnlẹ̀ tì í. Ó fọwọ́ pa apá tó gan yẹn. Ikú ti kọjá ìgúnpá, ó ti ń sún mọ́ abíyá.

"Ọjọ́ wo ló bẹ̀rẹ̀?"

"Ó bẹ̀rẹ̀ nígbà tí mo mọ ikùn ère tán, Màmá. Jẹ̀lílì ni. Ó ti..."

"Fi Jẹ̀lílì sílẹ̀! Ilé wa àtijọ́ ní Limawa. Mo gbọ́ nínú réluwé pé wọ́n ń la títì níbẹ̀. Ṣé wọ́n ti wó o?"

"Wọ́n ti wó o."

"Igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé ńkọ́?"

Àlàbá gbójú sókè. Àrà ọ̀tọ̀ ni ìbéèrè yẹn. "Katapílà hú u. Èmi fúnra mi lọ síbẹ̀, Màmá. Mo fẹ́ nǹkan ilé wa kan tí mo máa fi sínú ère, torí Tápà ní tirẹ̀ níbẹ̀, Gbagyi ní tirẹ̀, èmi ò ní nǹkan kan. Tí mo bá dé Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n á ní ará òkè Ọya ti dé. Níbí tí wọ́n bí mi sí, Bàyárábè ni mí, àjèjì Yorùbá. Mo ní kí n wá ohun tèmi. Mo rí ìkòkò kékeré kan nídìí gbòǹgbò. Wọ́n dí i lẹ́nu. Mi ò ṣí i. Mo fi ṣe ikùn ère."

Màmá ò sunkún. Ì bá dáa ká ní ó sunkún. Ó kàn ń mi orí, ó ń mì í.

"Táíwò kú," ó ní. "Kẹ́hìndé kú. Ìdòwú ò tilẹ̀ lo oṣù. Ìgbà tí mo bí ìwọ Àlàbá, mo ní mi ò ní fara mọ́ ọn. Ìyá àgbà kan ló bá mi gba olóbí rẹ, ìkejì rẹ tó tẹ̀ lé ọ jáde láti inú mi. Ó fi sínú ìkòkò, ó fi nǹkan kún un, ó dí i. Ó ní inú ilẹ̀ tútù ni kó máa wà. Bí ilẹ̀ bá ṣe rọ̀ sí i ni ara ọmọ yìí á ṣe máa rọ̀. Ó ní kò gbọdọ̀ le, kò gbọdọ̀ fọ́. Tó bá fọ́, á pè ọ́ lọ bá àwọn yòókù. Díákónì ni bàbá rẹ, akọrin ni mí. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́?"

Oyèbọ́lá fọwọ́ bo ẹnu. Gbogbo rẹ̀ yé e lẹ́ẹ̀kan náà: sìmẹ́ńtì, omi, ọwọ́ tó mú ohun rẹ̀ dání. Ta ló mú un dání? Ta ló dè é mọ́lẹ̀ síbi tí kò rọ̀? Àlàbá fúnra rẹ̀ ni. Òun Oyèbọ́lá gan-an ló ní kí Bàbá Ṣéhù dá a padà fún ẹni tó ṣe é. Ó sì padà lóòótọ́.

Nígbà yẹn ni Àlàbá gbọ́ ohùn ìpè ìrun láti mọ́sáláṣí. Lẹ́sẹ̀ kan náà, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án, egungun ọrùn rẹ̀ dún kọ̀ọ́, bíi pé wọ́n fi òòlù lù ú.

Ó dìde, ó sáré lọ sídìí ère.

*

Orí ère ti wà nílẹ̀. Tapólì ti ya. Jẹ̀lílì ti ká apá agbádá rẹ̀, ọ̀kan lára apá ère ti já, ìṣó réluwé fọ́n káàkiri. Ó tún gbé òòlù sókè, ó fojú sun ikùn.

"Má lù ú! Jẹ̀lílì! Má lu ikùn!"

Jẹ̀lílì yíjú padà, ó ń mí hẹlẹ. "Sarkin Bólà! O ti dé. Lọ pe ọlọ́pàá."

"Mi ò pe ẹnì kan. Fọ́ ọ. Fọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, fọ́ gbogbo ẹ̀, mà á sọ pé èmi ni mo fọ́ ọ. Gba iṣẹ́ náà. Ikùn yẹn nìkan, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́."

"Kí ló wà nínú ikùn?"

Ẹ rò ó wò. Tí Àlàbá bá sọ ọ́, ó ti fi ẹ̀mí rẹ̀ lé ọ̀tá lọ́wọ́. Tí kò bá sọ ọ́, òòlù ń bọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ò lè gbẹ́ ẹ jáde, ọwọ́ òsì kan ṣoṣo ò lè mú irin kó tún mú òòlù, àyà rẹ̀ sì ti ń tutù.

Ó dọ̀bálẹ̀. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ni Jẹ̀lílì o, wọ́n jọ lọ sílé ìwé ni. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí òkúta àti àfọ́kù gíláàsì, apá tó gan yẹn dá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí igi, ó sì sọ gbogbo rẹ̀.

Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ń gbá tapólì pà, pà, pà. Lẹ́yìn náà Jẹ̀lílì gbé òòlù ńlá sílẹ̀. Ó yọ òòlù kékeré àti irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó tó fi ń gbẹ́ ilẹ̀kùn, ó kúnlẹ̀ níwájú ikùn ère, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́.

Mi ò purọ́ fún yín, kò sí ọwọ́ tó dáa tó ti Jẹ̀lílì ní gbogbo Minna. Ó ń bó sìmẹ́ńtì bí ẹni ń bó ẹyin. Bí irin bá dún, Àlàbá á gbọ́ ọ nínú egungun àyà rẹ̀. Tó bá ṣèèṣì yẹ̀ báyìí... Kò yẹ̀. Ìkòkò náà bọ́ sí i lọ́wọ́, kékeré, pupa, ẹnu rẹ̀ ṣì dí.

Ìgbà yẹn náà ni ẹ̀jẹ̀ sáré wọ apá Àlàbá. Ó gbóná, ó ta á, ó dùn ún débi tó fi sunkún. Ó ká ọwọ́. Ó ká! Ìka márùn-ún pé.

"Ọlọ́run á san án fún ọ, Jẹ̀lílì. Gbé e wá. Inú ilẹ̀ tútù ni Màmá ní ká sin ín sí."

Jẹ̀lílì dìde. Ó gbá ìkòkò mọ́ àyà bí ọmọ tuntun.

"Mà á bá ọ sin ín," ó ní. "Èmi nìkan ni mà á mọ ibẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n bá fún ọ nílùú yìí láti òní lọ, ọ̀dọ̀ mi lo máa kọ́kọ́ gbé e wá. Lọ sọ fún ìyá rẹ pé ọmọ rẹ̀ ní bàbá tuntun."

Àlàbá ṣí ẹnu láti bẹ̀bẹ̀. Ojú rẹ̀ bọ́ sí gbẹ́rẹ́ tó wà ní ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ó dúdú, ó ń tàn. Ọwọ́ tó bá mú ohun mi dání. Oògùn yìí ò lójú.

"Jẹ̀lílì, gbé e sílẹ̀."

"Ṣé mo dà bí òmùgọ̀?"

"Nítorí Ọlọ́run, rọra gbé e sílẹ̀! Bàbá Ṣéhù fún mi ní nǹkan kan. Ọwọ́ rẹ máa..."

"Tò, ó ti bẹ̀rẹ̀ o. O fẹ́ fi oògùn dẹ́rù bà mí? Èmi tí mo mú gbogbo ẹ̀mí rẹ dání?" Jẹ̀lílì fi ẹ̀rín ta á nù, ó gbá ìkòkò mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó kọjú sí títì tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ da òkúta sí, ó ń lọ.

Lókèèrè, Màmá àti Oyèbọ́lá ń sáré bọ̀ nínú eruku. Àlàbá ò lè sáré tẹ̀ lé e, kí Jẹ̀lílì má bàa kọsẹ̀. Kò lè pariwo, kó má bàa fò. Ó kàn dúró níbẹ̀, ó na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí yẹn síwájú bí ẹni fẹ́ gba nǹkan.

Ibẹ̀ ló ti rí i. Lára ìkòkò pupa yẹn, lábẹ́ ìka mẹ́rin tó ká mọ́ ọn, ọmọńdinrín Jẹ̀lílì rọra yọ kúrò, ó nà, ó dúró gbọnrangandan bí ìṣó.